Ẹ̀gbọ́n Tó Pọn Àbúrò: Ìtàn Títọ́ Ọmọbìnrin Méjì ní Pobè àti Sakété

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ilé kò ní ìtàn, pé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ láyé àná náà ni a ṣe ń tọ́ ọ lónìí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà. Èyí àgbà ti pé ọmọ ọdún méje. Èyí àbúrò ṣì ń mu ọmú. Ọmọ tó wà láàárín wọn kò dúró, ibà ló mú un lọ. A kò ní sọ wọ́n lórúkọ, nítorí kò sí agboolé tí irú wọn kò sí. Ẹ̀gbọ́n ni a ó máa pe àgbà, Àbúrò ni a ó máa pe èyí tó kéré. A ó tẹ̀ lé wọn láti ayé àwọn ìyá wa àgbà títí di òní. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ mọ̀: ta ló tọ́ Àbúrò, kí ni ẹni náà sì pàdánù nítorí rẹ̀?

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni agboolé rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá àgbà a fi oríkì jí àwọn ọmọ: Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́. Ìyá a wẹ Àbúrò, a fi àdín pa á lára, a fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n, a sì gba ọ̀nà oko tàbí ọ̀nà ọjà lọ.

Láti ìgbà náà títí oòrùn yóò fi yí, ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n ni ilé Àbúrò. Bí ó bá ń sunkún, Ẹ̀gbọ́n ni yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí ó bá tọ̀ sí i lára, Ẹ̀gbọ́n ni yóò fọ aṣọ. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe bojúbojú, òun náà a ṣe é, ṣùgbọ́n tòun ti ọmọ lẹ́yìn ni. Bí ó bá gbálẹ̀, tí ó bá fẹ́ná, tí ó bá ń sá gbàgúdá sí oòrùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìyà lásán ni. Ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe àìsàn. Níbẹ̀ ló ti mọ ewé tí a ń fi ṣe àgbo fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Àbúrò náà ń kọ́ lára rẹ̀: ó ń kọ́ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí a ṣe ń bu oúnjẹ láìtú u dànù. Bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn méjèèjì a jókòó gbọ́ àlọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Àbúrò kì í pe Ẹ̀gbọ́n ní orúkọ gán-an. Ẹni tó pọn ọ́, o kò gbọdọ̀ pè é bí ẹni pè ẹgbẹ́ rẹ.

Ẹ ti wo eré Gèlèdé. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ló ń jó o, ṣùgbọ́n ọ̀já àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni wọ́n fi ń múra. Nítorí àwọn ìyá ni wọ́n ṣe ń jó. Ní 2001, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ka Gèlèdé kún àwọn ìṣúra gbogbo ayé. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀já tí wọ́n fi ń jó yìí, ìyá nìkan kọ́ ló fi í pọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n náà fi í pọn.

Ayé àtijọ́ náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Ìlú Òkè Ọ̀dàn kò jìnnà sí Sakété. Ní 1848, ogun Dàhómì kó o. Lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọmọbìnrin kan tí kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n ti pa òbí rẹ̀. Ní 1850, Ọba Gézò fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ. Frederick Forbes ni orúkọ rẹ̀. Ó mú ọmọ náà lọ sí ìlú ọba, Ọbabìnrin Victoria sì gbé ẹrù títọ́ rẹ̀ rù. Òun ni ìtàn mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Ìtàn mọ̀ ọ́n nítorí ọbabìnrin. Àwọn ọmọbìnrin yòókù tí wọ́n kó lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nítorí irú èyí ni àwọn ìyá wa àgbà kì í ṣeé fẹ́ kí ọmọbìnrin jìnnà sí ilé.

Ìgbà owó orí àti èkùrọ́

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà. Ààlà náà la ilẹ̀ Yorùbá já. Pobè àti Sakété bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Òkè Ọ̀dàn àti Ìlaròó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni owó orí dé. Ọkọ̀ ojú irin náà dé: ó gbéra láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ó gba Sakété kọjá, ó sì dé Pobè. Nítorí epo àti èkùrọ́ ni wọ́n ṣe là á. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbajúmọ̀ títí dé òkè òkun.

Ta ló ń pa èkùrọ́? Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin ni. Wọ́n a jókòó ti òkúta, wọ́n a máa pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí owó orí bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ a pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ ìyá bá pọ̀ sí i, Àbúrò a pẹ́ sí i lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n.

Ilé ìwé Faransé dé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ó sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ abúlé. Bí bàbá bá ní ọmọ kan tí yóò fi sílẹ̀, ọkùnrin ni yóò mú. Ìjọba pàápàá kò kánjú lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ní 1938 ni wọ́n tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọbìnrin ti lè kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Rufisque, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ló wà. Ní 1931, ìjọba Faransé ti gbé ìwé kan jáde lórí àṣà Dàhómì, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé obìnrin kò ní agbára kankan níwájú òfin. Ní 1939, òfin mìíràn ní kí a má ṣe fi ọmọbìnrin tí kò tó ọdún mẹ́rìnlá fún ọkọ, àti pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ wò ó: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá! Ohun tí wọ́n kà sí ìdáàbòbò nígbà náà nìyẹn.

Ẹ wá wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni ilé ìwé ń gbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ le tó láti pọn àbúrò. Ọdún tí ilé ìwé ń pè é ni ọdún tí ọ̀já ń pè é. Ọ̀já ló sún mọ́ ọn jù.

Ìhà ọ̀hún àti ìhà ìhín

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ fojú inú wo ọmọ ìyá méjì tí ọkọ wọn yàtọ̀: ọ̀kan ní Sakété, èkejì ní Ìlaròó. Èdè wọn kan náà ni, oríkì wọn kan náà ni. Ọmọbìnrin ti Ìlaròó lè wọ ilé ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ti Sakété kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní ìhà ìhín? Ní 2006 ni. Láti 1955 dé 2006 jẹ́ ọdún 51. Nínú ọdún 51, ọmọbìnrin a di ìyá, ìyá a sì di ìyá àgbà.

Ìgbà àtúnṣe 1975

Dàhómì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960. Ní 1975 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Ààrẹ Kérékou ṣe àtúnṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Ilé Ìwé Tuntun.

Àtúnṣe náà ní àléébù, a sì fi í sílẹ̀ ní 1990. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a gbàgbé. Wọ́n dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ wọn, tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń kọrin. Ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí? Bí ibi tí Àbúrò yóò wà bá wà, ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n a ṣófo. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo lè gbé báàgì ìwé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo abúlé ló ní i, kò sì pẹ́ lọ títí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin àgbà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti oṣù kejìlá 1990, ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Ní 1993, wọ́n mú owó ilé ìwé kúrò fún àwọn ọmọbìnrin abúlé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ní 1996, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin àgbà ní ìwé 1931 yẹn kò ní agbára òfin mọ́. Ní 2004, òfin ẹbí jáde: ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ọmọbìnrin sì ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin. Ní 2015, a tún ní òfin tó dúró fún ọmọdé nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Láyé àtijọ́, a máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá kí ó lè gbẹ̀kọ́. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ ọ́ di òwò. Wọ́n ń mú ọmọ lọ sí Kútọnu tàbí Èkó pé wọn yóò fi í sí ilé ìwé, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sábà ń mú, nítorí ó ti mọ ọmọ í pọ̀n. Ó ti tọ́ àbúrò tirẹ̀ tán, ó wá ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní 2006, ìjọba ṣe òfin tó de mímú ọmọ kiri láìgbàṣẹ, tó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ọmọ ṣòwò.

Ta ni yóò gbé ọmọ náà?

Ẹ̀yin òbí, òfin ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tú ọ̀já lẹ́yìn ọmọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè tú u. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ kíyè sí i, àgbà ni wọ́n wí, wọn kò wí pé ọmọ ọdún méje. Bàbá lè gbé ọmọ. Ìyá àgbà lè gbé e. Ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ẹnì kan máa ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ sí ọjà. A kò ní kí Ẹ̀gbọ́n má pọn Àbúrò mọ́. Bí ó bá ti ilé ìwé dé, kí ó pọ̀n ọ́n, kí wọ́n jọ ṣeré. Ìfẹ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́. Iye tó ń ná Ẹ̀gbọ́n ni kí a dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Àbúrò, tí ẹ lọ sí ilé ìwé, ẹ̀yin ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́yìn ta ni ẹ wà nígbà tí ẹ kò tíì lè rìn? Ta ló dúró sílé kí ẹ tó lè lọ? Ìwé tí ẹ mọ̀ lónìí, orí ẹ̀yìn ẹnì kan ni ẹ ti rí i. Bí ẹ̀gbọ́n yín kò bá mọ ìwé, ẹ má ṣe máa bá a ka lẹ́tà nìkan. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ́ ọ bí òun náà yóò ṣe kà á.

Ẹ̀yin Ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ka ewé yìí, bóyá ẹ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti tọ́ ènìyàn rí. Ìwé kò le tó ìyẹn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú kíláàsì

1. Ta ló pọn yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé? Ṣé ẹni náà lọ sí ilé ìwé?
2. Ní agboolé yín, ta ló ń ṣọ́ ọmọ kékeré ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé?
3. Ọdún mélòó ló wà láàárín 1955 àti 2006? Ẹ ṣírò rẹ̀ sí ojú pátákó.
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ẹ̀gbọ́n yín tàbí sí àbúrò yín, kí ẹ sì kà á sí i létí.

Ó dìgbà kan ná o.