Kí Ni Eku Funfun Náà Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, òwe yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ekòló kò ní eyín, kò sì ní oró. Kò mọ ohunkóhun nínú ẹjọ́ ejò. Báwo ló ṣe wá di ohun tí ènìyàn ń sá fún?

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ní ìlú St. Petersburg, Ivan Pavlov ń ṣe ìwádìí lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ajá. Iṣẹ́ náà ló mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904. Ibi tó ti ń ṣe é ló ti ṣàkíyèsí pé àwọn ajá náà kì í dúró kí oúnjẹ kan ẹnu wọn kí itọ́ tó máa dà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń fún wọn lóúnjẹ, itọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìró ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹran, ẹnikẹ́ni kò sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń ṣáájú oúnjẹ wá lójoojúmọ́, iyè ajá sì ti so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ènìyàn? Ní ọdún 1920, John B. Watson àti Rosalie Rayner ní Yunifásítì Johns Hopkins, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n gbé eku funfun kan síwájú rẹ̀, ẹ̀rù kò bà á rárá. Nígbà tó pé oṣù mọ́kànlá, wọ́n tún gbé eku náà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ọmọ náà ṣe nawọ́ sí i, wọ́n fi òòlù lu ọ̀pá irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje láàárín ọjọ́ díẹ̀, eku nìkan ti tó láti pa ọmọ náà lẹ́kún, láìsí ìró kankan. Kò mọ sórí eku o. Ehoro, ajá, ẹ̀wù onírun, gbogbo wọn ló di ẹ̀rù. Ekòló inú òwe wa nìyẹn.

Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí ni pé ọmọ náà kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a tú ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́kàn. Lóde òní, ta ni yóò gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun?

Ọdún 1924 ni ìròyìn ayọ̀ dé. Mary Cover Jones ṣiṣẹ́ lórí ọmọkùnrin kan tí wọ́n pè ní Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀rù ehoro ń bà gidigidi. Bí ọmọ náà bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro náà wá sínú yàrá, wọ́n á gbé e jìnnà sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún un mọ́ ọn. Wọ́n tún jẹ́ kó máa rí àwọn ọmọ mìíràn tí kò bẹ̀rù ehoro. Nígbà tó yá, Peter fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa ehoro lára. Ohun tí a so, ó ṣe é tú.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan ẹni tó ń kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ eku àti ehoro. Ẹ rántí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín. Níbi tí ọ̀kan nínú wa lọ, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ “fànákúlà” sílẹ̀. Onítọ̀hún á san owó ìtanràn. Bí kò bá ní owó, á jẹ ẹgba. Yorùbá ni ọ̀rẹ́ wa yìí wá ń kà ní yunifásítì báyìí, síbẹ̀ bó bá fẹ́ sọ ọ́ níwájú olùkọ́, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Ní èrò tiwa, èdè wa ni eku funfun yẹn, ẹgba sì ni òòlù. Kí ni èdè náà ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn ń lu irin ní gbogbo ìgbà tí ọmọdé bá nawọ́ sí i ni.

Àwọn kan sì ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ìmọ̀ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá fi Yorùbá bi yín ní ìbéèrè nílé, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín sí i. Oúnjẹ tí Peter ń jẹ nìyẹn.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa, ó ka iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ní sáà yìí, Yorùbá pọ́ńbélé. Ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹta, kò gbọ̀n mọ́.