Eré ìdárayá afúnnilókun fún àwọn àgbàlagbà

Eré ìdárayá afúnnilókun fún àwọn àgbàlagbà ni gbígbé, títì tàbí fífa ohun tó wúwo lóòrèkóòrè, kí iṣan ara ẹni tó ti dàgbà má baà rù, kí okun rẹ̀ sì lè pọ̀ sí i. Ohun náà lè jẹ́ irin, rọ́bà fífà, kẹ́ẹ̀gì omi tàbí ìwúwo ara ẹni fúnra rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìrìn gígùn àti gígun kẹ̀kẹ́, nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ìyẹn ń ṣe láǹfààní jù. Iṣan tí àyọkà yìí ń sọ ni ẹran ara tó so mọ́ egungun, tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń gbé nǹkan. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pe méjèèjì.

Ìdí tí iṣan fi ń rù

Láti nǹkan bí ọdún 40 ni iṣan ènìyàn ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ìdínkù náà a sì máa yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Okun a máa lọ kíákíá ju iṣan fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn fọ́nrán iṣan tí ń yára ṣiṣẹ́ ló ń rù jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, tó sì ní láti gba ara rẹ̀ dúró kí ó tó ṣubú. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà kan fi lè rìn dé ọjà láìsinmi, síbẹ̀ tí kò lè dìde lórí àga rírẹlẹ̀ láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ẹni tí kò bá lè dá dìde kò ní pẹ́ nílò ẹni tí yóò mú un dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní ọdún 1988 ni Irwin Rosenberg, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, dábàá orúkọ náà sarcopenia fún ìrù yìí, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tó túmọ̀ sí ẹran ara àti àìní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fà á. Ọjọ́ 10 péré lórí ibùsùn lè gba nǹkan bíi kílógíráàmù kan lára ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ní ilé Yorùbá, bí àgbà bá ti fẹ́ gbé ẹrù ni ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni, àmọ́ iṣẹ́ tí iṣan ìbá ṣe náà ni wọ́n gbà lọ.

Ìwádìí tó yí èrò padà

Fún ìgbà pípẹ́, èrò ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé iṣan arúgbó kò lè tóbi mọ́. Ní ọdún 1988, Walter Frontera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé okun orúnkún àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 60 sí 72 ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Maria Fiatarone gbé ìwádìí náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó mú ènìyàn 10, ẹni ọdún 86 sí 96, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Boston, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbé ìwúwo ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìwúwo náà kì í ṣe kékeré: ìdá 80 nínú 100 ohun tó pọ̀ jù tí oníkálukú lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e dé. Àwọn 9 ló parí rẹ̀. Okun wọn fi ìdá 174 nínú 100 pọ̀ sí i, iṣan itan wọn sì tóbi ní ìdá 9. Méjì nínú wọn kò lo ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1994, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 100. Àwọn tí wọ́n fún ní àfikún oúnjẹ nìkan, láìsí eré ìdárayá, kò rí okun kankan gbà. Èyí kò sọ pé oúnjẹ kò ṣe pàtàkì, nítorí iṣan nílò amúaradàgbà tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran. Oúnjẹ kàn kò lè ṣiṣẹ́ ìwúwo ni.

Bí a ṣe ń ṣe é

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe é, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó sì kan gbogbo iṣan ńláńlá ara. Ó tún ní kí wọ́n fi eré tí ń mú ara dúró déédéé kún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí ìṣubú.

Dídìde lórí àga àti jíjókòó padà díẹ̀díẹ̀ ni ìpìlẹ̀ tó rọrùn jù. Kí àga náà fara ti ògiri. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kọ́kọ́ máa fi ọwọ́ ti apá àga, tàbí kí ó fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó sókè. Ẹni tó bá ti rọrùn fún yóò gbé ohun wíwúwo mọ́ àyà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni a sábà máa ń ṣe é kí a tó sinmi, ó sì yẹ kí méjì tó kẹ́yìn nira. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín kì í ṣe pé ìwúwo pọ̀ jù, bí kò ṣe pé ó kéré jù, tí kò sì yí padà fún oṣù púpọ̀. A kì í sé èémí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan, nítorí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì.

Ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, tó ní ìpá, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Orúnkún dídùn kì í sábà jẹ́ ìdí láti yẹra. Bí iṣan itan bá ti lágbára ni ìrora náà ń dínkù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Okun tí a bá rí kì í dúró fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 1990, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìṣe nǹkan kan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta okun àwọn arúgbó náà. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè pa okun mọ́ fún ìgbà díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo kò bá dínkù.