Bàbà Ló Jìnnà

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ní Ajah, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, àbúrò mi bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ létí òkun láì mú nǹkan kan dání, ṣé ẹ lè ṣe iná?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé mi ò ní èsì. Silicon tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi wà nínú iyanrìn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Lekki pẹ̀lú. Èmi ò lè yọ ọ́.

Mo bu omi òkun sínú kọ́ọ̀bù, mo ki ìṣó kan àti wáyà bàbà kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo so wọ́n pọ̀. Kọ́ọ̀bù kan kò mú ju nǹkan bí ìdajì fóòltì wá. Nígbà tó pé mẹ́fà, iná LED pupa kékeré tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yìí kò jìnnà sí èyí tí Alessandro Volta, ará Ítálì, fi ṣe bátìrì ní 1800: fàdákà, síǹkì, àti omi iyọ̀. Àmọ́ òjóró ni mo ṣe o, torí inú okùn iná àtijọ́ ni mo ti yọ wáyà náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ò mọ nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Wọ́n ń fi iléru amọ̀, ẹwìrì àti èédú yọ irin nínú òkúta. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ń ṣe dígí fún ìlẹ̀kẹ̀ kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Nígbà tí Michael Faraday wé wáyà mọ́ òrùka irin ní 1831, okùn àti aṣọ òwú ló fi ya wáyà kan nípá kúrò lára èkejì. Ta ló fẹ́ kọ́ ará Ìjẹ̀bú ní iṣẹ́ òwú?

Bàbà ló jìnnà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá sí Ifẹ̀, ibi iyì ni wọ́n sì ń lò ó sí: ìbòjú tí wọ́n ń pè ní Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Ta ló máa fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gùn bí okùn? Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ń kó ẹ̀gbà idẹ wá. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé irú idẹ bẹ́ẹ̀ láti Rhineland ní Jámánì ni wọ́n yọ́ fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère Benin. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó, ojú omi kan náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ gbà wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dípẹtà. Àbúrò mi ní kí n jọ̀ọ́ lọ ra epo.