Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ìwádìí Lórí Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Nira Fún

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú kíláàsì rí nílẹ̀ Yorùbá: olódo. Láti ara òdo tí olùkọ́ máa ń kọ sínú ìwé ọmọ tí kò gba máàkì kankan ni orúkọ náà ti jáde. Bí ọmọ bá ka ìwé tì lónìí, tí ó tún kà á tì lọ́la, kì í pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi sọ ọ́ ní olódo. Bí ó bá sì délé, àwọn òbí lè fi “ọ̀lẹ” kún un. Àwọn àgbà ti sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Ọmọ tí a bá ń pè ní olódo láti kékeré lè gbà nígbẹ̀yìn pé olódo ni òun lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Orílẹ̀-èdè Jámánì ni ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá, láàárín àwọn dókítà. Ní ọdún 1877, Adolf Kussmaul kọ̀wé nípa àwọn àgbàlagbà kan tí àìsàn kọlu ọpọlọ wọn. Ojú wọn ríran kedere, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn já gaara, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ohun tí a kọ sílẹ̀ mọ́. Ó pe ìṣòro náà ní ìfọ́jú-ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, Rudolf Berlin, dókítà ojú ní ìlú Stuttgart, fún un ní orúkọ tí ayé ń lò títí di òní: dyslexia. Àgbàlagbà tí ó ti mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n kà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ìwé. Percy ni wọ́n ń pè é. Dókítà W. Pringle Morgan, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Seaford, kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kọkànlá ọdún 1896. Láti ọmọ ọdún méje ni Percy ti wà lọ́dọ̀ olùkọ́, síbẹ̀ agbára káká ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú. Nígbà tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ni ó kọ, kò sì mọ̀ pé àṣìkọ ni. Ọmọ yìí kan náà gbọ́n, ó mọ ìṣirò, kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ nínú eré. Olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ ọ fún ọdún pípẹ́ sọ pé bí ó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé ni, Percy ni ì bá ta gbogbo wọn yọ. Ẹ̀rí olùkọ́ yìí ṣe iyebíye: ó ti rí i pé làákàyè ọmọ náà pé, ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó há.

James Hinshelwood, dókítà ojú ní ìlú Glasgow, tẹ odidi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1917. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òun nìkan, kí a má fi í sí àárín èrò. Ní ọdún 1925, Samuel Orton, dókítà ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé irú àwọn ọmọ yìí pọ̀ ju bí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti rò lọ. Ó tún kìlọ̀ pé ìdánwò ọpọlọ tí wọ́n ń ṣe fún wọn kò fi bí wọ́n ṣe gbọ́n tó hàn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn olùkọ́. Ní California, láti ọdún 1921, Grace Fernald ti ń ní kí ọmọ fi ìka tọ ipa ọ̀rọ̀ tí a kọ gàdàgbà, kí ó sì máa pè é bí ó ti ń tọ̀ ọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Anna Gillingham àti Bessie Stillman to ẹ̀kọ́ kalẹ̀ lórí èrò Orton: ojú rí lẹ́tà, ẹnu pe ìró rẹ̀, ọwọ́ kọ ọ́, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le.

Ọ̀nà ìkọ́ni ti wà. Ohun tí ó kù ni orúkọ tí òbí lè fi bèèrè ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀. Samuel Kirk ni ó mú un wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Kirk ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Chicago, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kà sí aláìgbọràn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé sí. Ó bá ọmọ ọdún mẹ́wàá kan níbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní kí gbogbo wọn lọ sùn, ọmọ náà á yọ́ dìde, Kirk á sì máa kọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó ń kàwé bí ọmọ kíláàsì kẹta, wọ́n sì dá a padà sí ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1963, àwọn òbí láti oríṣiríṣi ìlú pé jọ ní Chicago, Kirk sì bá wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn ọmọ wọn pọ̀ jántìrẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ fún olùkọ́ bí yóò ṣe kọ́ ọmọ náà. Kirk dá orúkọ kan lábàá: ìpèníjà ẹ̀kọ́-kíkọ́. Ọmọ tí èdè, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìwé kíkà ń ni lára ni ó ń tọ́ka sí, nígbà tí ojú rẹ̀ kò fọ́, tí etí rẹ̀ kò di, tí làákàyè rẹ̀ kò sì dín. Àwọn òbí náà gba orúkọ yìí, wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀.

Orúkọ náà wọ inú òfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin tí ó fún gbogbo ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá wọn mu. Àmọ́ ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1977 ní ìkùdíẹ̀-káàtó kan: àlàfo ńlá gbọ́dọ̀ wà láàárín bí ọmọ ṣe gbọ́n tó àti bí ó ṣe mọ̀wé tó kí wọ́n tó kà á sí ẹni tí ó ní ìpèníjà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí àlàfo tirẹ̀ kò tíì fẹ̀ yóò máa dúró títí yóò fi kùnà pátápátá kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Ọdún 2004 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe, tí kò sì pọn dandan mọ́ láti lo òṣùwọ̀n yìí. Ilé-ìwé lè fún ọmọ ní ìrànlọ́wọ́ láìpẹ́, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe ń ṣe sí i.

Irú ìrànlọ́wọ́ wo? Ní ọdún 1983, Lynette Bradley àti Peter Bryant ní Oxford gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti dán àwọn ọmọ kékeré tí ó lé ní 400 wò, àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà, bóyá etí wọn lè ya ìró tí ó jọra sọ́tọ̀. Àwọn tí èyí nira fún ni ìwé kíkà padà wá nira fún. Wọ́n wá yan ọmọ 65, wọ́n sì kọ́ wọn nígbà 40 láàárín ọdún méjì. Àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà oníke kọ́ ní ìró ni ó tẹ̀síwájú jù. Bí a bá mú irú ẹ̀kọ́ yìí wá sí èdè Yorùbá, kò ju kí a bi ọmọ pé, nínú bàtà, bàbá àti kòkò, èwo ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀? Lẹ́yìn náà, kí a gbé lẹ́tà tí ó ni ìró náà lé e lọ́wọ́. Kò gba owó ńlá, sùúrù ni ó gbà.

Ní Nàìjíríà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1977 ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ lónìí sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí yíya àwọn tí ó ní ìpèníjà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìpèníjà tí ojú rí ni ó máa ń tètè wá sọ́kàn. Ọmọ tí lẹ́tà ń dà lójú rú kò lo ọ̀pá, kò jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Olódo ni aráyé rí.

Kókó mìíràn tún wà níbí, èyí tí í ṣe èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí olùkọ́ ń sọ yàtọ̀ sí ọmọ tí ìwé kíkà fúnra rẹ̀ nira fún. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ dán ọmọ wò ní èdè tí ó gbọ́ nílé. Bí ó bá ṣì ń ṣòro fún un níbẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni ó nílò.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olùkọ́ Percy kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọpọlọ, kò sì ní òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn fara balẹ̀ wo ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni. Ìyẹn wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ abúlé àti ti ìgboro. Kí a tó kọ òdo sí iwájú orúkọ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye ọ̀nà tí a ti gbà kọ́ ọ.