Ìpolówó Páàdì Nǹkan Oṣù

Ìpolówó páàdì, ohun tí obìnrin fi ń gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1921, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kimberly-Clark ń polówó Kotex, páàdì tí wọ́n fi irú ohun tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní ṣe. Nítorí ìtìjú, àwọn ilé ìtajà kan gbé àpótí owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà kí obìnrin lè rà á láìsọ̀rọ̀. Ọdún 1972 ni tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó gba irú ìpolówó yìí láyè. Ní 1985, òṣèré Courteney Cox kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan oṣù ní gbangba nínú ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, nígbà tó ń polówó Tampax, ohun ìgbẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí a ń fi sínú ara. Nínú ìpolówó, omi búlúù ni wọ́n ń dà sórí páàdì dípò ẹ̀jẹ̀, títí àwọn tó ń ta páàdì Bodyform fi lo omi pupa ní Bìrìtéènì lọ́dún 2017, àyípadà tó yẹ, nítorí nǹkan oṣù kì í ṣe ohun ìtìjú.