Ẹnu Òǹkàwé Ló Ń Gbé Ìwé Rìn

Ìpèníjà ìwé kíkà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹnì kan á pinnu iye ìwé tó fẹ́ kà tán kí ọdún tó yí po, á sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Àwọn náà á máa júwe ìwé tó dára fún un, wọn á máa bi í léèrè ibi tó kà dé, wọn á kí i kú iṣẹ́ nígbà tó bá parí ọ̀kan, wọn á sì gbà á níyànjú nígbà tí ó bá ń rẹ̀ ẹ́. Ní Abomey-Calavi, ìlú yunifásítì tó wà létí adágún Nokoué lókè Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe irú èyí lóde òní, orí fóònù sì ni wọ́n ti sábà máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé àṣà àjèjì ni, pé ayélujára ló gbé e wá láti ìlú òyìnbó. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí. Kíka iye ìwé sílẹ̀ lọ́dọọdún lè jẹ́ ohun tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó ka ìwé, tó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ rọ ẹlòmíràn pé kó kà á, tí kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi parí rẹ̀, òun ló ti ń gbé ìwé rìn ní etíkun wa yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ìwé á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ì báà jẹ́ pé kò sí ilé ìkàwé kankan nítòsí. Níbi tí kò bá sí, eruku ni yóò bo ìwé, bó ti wù kí ilé tí wọ́n kó o sí lẹ́wà tó.

Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Yorùbá oníṣòwò tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àti àwọn tó padà dé láti Brazil, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù múlẹ̀ níbẹ̀, Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì Brazil ní 1912 sì jẹ́rìí sí i títí dòní. Nínú ilé kéú, orí wàláà ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá kà dé kì í sì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n, ìyá mọ̀ ọ́n, aládùúgbò á bi í, ẹ̀gbọ́n tó ti kọjá ibẹ̀ á sì kọ́ ọ ní ibi tí ahọ́n rẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ka Kùránì parí ni wọn yóò ṣe wólímọ̀ fún un, tí ẹbí àti ará yóò pé jọ, tí wọn yóò ṣe é lálejò, tí wọn yóò sì gbóríyìn fún un ní gbangba. Àwọn àgbàlagbà náà ní tiwọn. Kùránì pín sí ọ̀nà 30, ẹni tó bá sì ka ìpín kan lójúmọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ yóò parí rẹ̀ kí ìtúnu tó dé. Iye wà níbẹ̀, gbèdéke wà níbẹ̀, àwọn tó ń bá ènìyàn ṣírò ọjọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ohun kan tí ìpèníjà ìwé kíkà òde òní fi yàtọ̀ sí èyí ní ti ìlànà, yàtọ̀ sí pé ìwé kan ṣoṣo ni ti ilé kéú.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní Yorùbá ní 1884, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣáájú nínú rẹ̀, ẹni tó mọ ìwé kà ní ìwé ńlá kan lọ́wọ́ tó lè fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kà. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ní 1879, ni ẹgbẹ́ Scripture Union ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kọ ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò kà lójoojúmọ́ sí. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà. Ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, títí kan Bẹ̀nẹ̀, Ligue pour la lecture de la Bible ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n inú káàdì yẹn ni pé ẹni tó wà ní Èkó mọ̀ pé ohun kan náà ni ẹnì kejì òun ń kà láàárọ̀ yẹn, pé ó sì lè bi òun léèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé.

Àtakò kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dá lóhùn kí n tó lọ síwájú. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn, pé ẹni tó ń wá ojú rere Ọlọ́run kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni tó ń ka ìtàn àròsọ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé ohun tó ń ti àwọn méjèèjì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní nǹkan bíi 1915, Louis Hunkanrin ọmọ Àjàṣẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Paul Hazoumé wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n pè ní Le Récadère de Béhanzin, láti fi tú àṣìṣe ìjọba amúnisìn síta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ní bòókẹ́lẹ́. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, tí ìjọba kò sì fẹ́ rí, kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tí ẹni tó ti kà á bá gbé e fún ẹni tó fọkàn tán. Ìdámọ̀ràn nìkan ni ọ̀nà tó ní. Kò sí wólímọ̀ tó ń dúró de òǹkàwé rẹ̀. Ewu ló ń dúró dè é.

Ọdún 1929 tún fi ohun kan náà hàn lọ́nà tó dùn mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, lórúkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tó ń ròyìn ìgbésí ayé tó fi ṣòfò. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń bá Ṣẹ̀gilọlá kẹ́dùn, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó máa bá ìtàn náà lọ, wọ́n sì ń sọ bí àwọn tó yí wọn ká ṣe ń retí èyí tó kàn. Ní 1930 ó di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Nínú ọdún 1929 kan náà ni L'Esclave jáde ní Paris, ìtàn àròsọ tí Félix Couchoro, tí wọ́n bí ní Ouidah, kọ. Òun náà ni ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ọmọ Dàhòmì, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà. Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra. Ti Èkó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó lè bá ara wọn sọ ọ́ lọ́jà àti lẹ́nu iṣẹ́, ti Couchoro sì jìnnà réré sí àwọn tó kọ ọ́ nípa wọn. Couchoro fúnra rẹ̀ wá rí ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn náà. Nígbà tó ti ń gbé ní Tógò, láti ọdún 1962 títí tó fi kú ní 1968, ó ń tẹ ìtàn lé ìtàn jáde ní díẹ̀díẹ̀ nínú Togo-Presse ní Lomé. Ẹni tí ìwé ìròyìn àná bá fo kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó bi aládùúgbò rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo gbà pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ju ìpolówó lọ fún Couchoro.

Ní ti Dàhòmì, òkìkí ìmọ̀ ìwé rẹ̀ kàn dé ibi tí Emmanuel Mounier, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi pè é ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1948. Àwọn olùkọ́ ló ṣe iṣẹ́ gbígbé ìwé rìn jù níbẹ̀, àwọn tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Àjàṣẹ́ àti William Ponty ní Senegal. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Abomey-Calavi di ibi tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ti ń pàdé, orúkọ ìlú náà ni yunifásítì sì ń jẹ́ láti 2001.

Àtakò kejì wúwo jù, àwọn tó fẹ́ràn ìwé gan-an ló sì ń gbé e wá. Wọ́n ní kíka iye ìwé ń ba ìwé kíkà jẹ́: ènìyàn á máa ṣa ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, á máa sáré, á ka ogún ìwé láìrántí orúkọ ẹnì kan nínú wọn. N kò lè sọ pé irọ́ ni. Iye tó bá dá dúró máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìpèníjà tó ti pẹ́ lórí ẹsẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ ìkàwé Chautauqua, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1878, fi ètò ọdún mẹ́rin síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí púpọ̀ nínú wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti jíròrò ohun tí wọ́n kà ló gbé ètò náà ró. Ìpèníjà ìsinmi tó ti ń wáyé ní àwọn ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1999 ní iye tirẹ̀, ìwé mẹ́fà ni ó sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ yóò wá sọ ohun tó kà fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dubai ní 2015 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá ga ju gbogbo wọn lọ, ìwé 50 ni, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ àkópọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn onídàájọ́. Ohun kan náà ni ọmọ kéú ń ṣe níwájú alùfáà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ bi í pé ìwé mélòó ló kù. Kó bi í pé ta ló dùn mọ́ ọn jù nínú ìtàn náà, ibo ló ti bínú sí òǹkọ̀wé, ṣé òun náà yóò lè kà á. Ìbéèrè yìí kò ṣeé dáhùn fún ẹni tó sáré kọjá.

Àwọn mìíràn á ní ẹnu kò tó, pé ìwé ni kò sí. Ètò ìkànìyàn 2002 ka 307,745 ènìyàn ní Abomey-Calavi. Ti 2013 ka 656,358. Ìlú tó di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mọ́kànlá kò lè ní ilé ìkàwé tó tó o. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ìdámọ̀ràn ìwé tí a kò rí kà máa ń pa ìtara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka iṣẹ́ Fondation Vallet sí iṣẹ́ pàtàkì, èyí tí Odon Vallet, onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀, tó sì ti kọ́ àwọn ilé ìkàwé Bénin Excellence, ọ̀kan nínú wọn ní Godomey lábẹ́ Abomey-Calavi. Ní ti ẹnu, mo mọyì ìdíje Miss Littérature tí òǹkọ̀wé Carmen Toudonou dá sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń fi ìwé tí wọ́n kà díje, nítorí ẹni tó borí níbẹ̀ di ẹni tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé lẹ́nu rẹ̀. Ilé náà àti ẹnu náà gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá kúrú, tí a kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìtàn tí mo ti sọ bọ̀ yìí fi hàn pé ẹnu ló máa ń ṣíwájú.

Ibi tí ẹnu náà ti kùnà ni èdè. Òfin ìjọba Faransé ti 1922 sọ èdè Faransé di èdè ìkọ́ni nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Yorùbá ní Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Ìṣàkẹ́tẹ́ ń kọ́ Faransé nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì ẹnubodè ń ka Yorùbá. Ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde ní Èkó. Lọ́dún kan náà, Doguicimi ti Paul Hazoumé jáde ní Faransé. Ìwé ńlá méjì ni, ìlú tí wọ́n ti kọ wọ́n kò jìnnà síra, síbẹ̀ àwọn tó ka ọ̀kan kò lè júwe rẹ̀ fún àwọn tó ka èkejì. Ó di 1989 kí Ọláoyè Abíọ́yè tó fi Ògbójú Ọdẹ lélẹ̀ ní Faransé, àti 1990 kí Doguicimi tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Faransé ní Abomey-Calavi lè fi Fágúnwà kún ìwé ọdún rẹ̀ báyìí, ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta náà sì lè fi Hazoumé kún tirẹ̀. Ẹni tí yóò sọ fún wọn pé àwọn ìwé náà wà ni kò tíì pọ̀ tó.