Gbòǹgbò Gabon àti Abúlé Àrò

Ẹni tó bá ń gbé láti Ìkòròdú dé Agbówà á mọ ọmọ àdúgbò kan, ó kéré tán, tí tramadol tàbí colorado ti sọ di ẹrú. Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí.

Ní ọdún 1962, ọmọ ọdún 19 kan ní New York, Howard Lotsof, tí héróìnì ti wọ̀ lẹ́wù, lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ibogaine. Fàájì ló ń wá, kì í ṣe ìwòsàn. Nígbà tí ojú ẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé héróìnì ò wu òun mọ́.

Ara gbòǹgbò igi iboga ni ibogaine ti ń wá. Ní Gabon, àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti máa ń jẹ gbòǹgbò yìí tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹni tuntun wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í dá a jẹ o. Àwọn àgbà á jókòó tì í mọ́jú, orin àti ìlù á máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká fò dé oṣù kìíní ọdún 2024. Àwọn onímọ̀ Stanford gbé àbájáde kan jáde nípa ọgbọ̀n ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti fi orí ṣèṣe. Mẹ́síkò ni wọ́n ti lọ gba ibogaine, pẹ̀lú magnesium láti dáàbò bo ọkàn wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, àmì ìpayà ogun tó ń dà wọ́n láàmú ti dín kù ní ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá pín in dọ́gba. Wọn ò pọ̀, wọn ò sì fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó, nítorí náà ẹ má tíì hó ìhó ayọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ? Ní 2023, Gül Dölen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi eku ṣe ìdánwò. Wọ́n rí i pé ibogaine àti àwọn ẹbí ẹ̀, bíi psilocybin, máa ń dá ọpọlọ àgbà eku padà sí bó ṣe rọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ń kọ́ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ gbé. Ti ibogaine lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn.

Lójú tèmi, ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ọpọlọ bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nígbà náà? Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti dáhùn ìyẹn láti 1954 ní Àrò, Abẹ́òkúta, láìmú iboga kankan. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi wọ́n sí, ìbátan kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, á máa dáná fún un. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń ta ẹ̀lọ́ iboga lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbòǹgbò nìkan ni wọ́n ń tà. Ibogaine lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ó sì ti pa èèyàn, pàápàá ẹni tó lárùn ọkàn tàbí tí oògùn mìíràn ṣì wà lára ẹ̀. Kò sí ìbátan nínú páálí yẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò.

Àrò ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ọsibítù Yábàá náà sì wà. Àwọn méjèèjì ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti dè. Tẹ́ ẹ bá máa mú ọmọ àdúgbò yẹn lọ, ẹ má kàn já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì.